Ẹ Jẹ́ Kí Ìlù Ráyè Sọ̀rọ̀: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ìgbómìnà Tó Ń Ṣe Orin Nínú Yàrá

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́, ní Òrò, ní Àjàṣẹ́-Ìpo àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká àti máíkì kan ṣoṣo ṣe orin nínú yàrá tí ẹ ń sùn, mò ń gbọ́ orin yín. Ohùn yín dùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Ìyáàlù tó ń ki ènìyàn tí orí rẹ̀ ń wú ní gbangba, bó bá ti dé inú orin yín, a di gbì-gbì lásán lẹ́yìn gìtá. Àwọn tó jókòó ti onílù lọ́jọ́ tí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́ oríkì. Ẹni tó gbọ́ ọ lórí fóònù gbọ́ ìlù, kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

EQ ló lè tún un ṣe, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń dín apá kan ohùn kù tàbí tí a fi ń kún un, láì fọwọ́ kan apá tó kù. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ ọ́n lò bó bá dúró sójú kan. Èyí tó ń yí padà bí orin ṣe ń lọ, tí ẹ ń pè ní automation, tí kọ̀ǹpútà ń rántí ibi tí ẹ gbé ọwọ́ dé tó sì ń tún un ṣe fúnra rẹ̀, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

1. Ẹ gbọ́ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó fọwọ́ kan EQ.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin sórí ìwé, ẹ kọ ohun tí ìlù ń sọ sí i pẹ̀lú, kí ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò lára máòsì. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti jáde, ẹ fàlà sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ègbè ti bo lílé mọ́lẹ̀, tàbí tí ohùn ti ń gún yín létí, ẹ sàmì sí i. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi ara yín léèrè lórí àmì kọ̀ọ̀kan: ṣé ohùn yìí kéré ni, àbí ó nípọn jù, àbí ó mú jù? Èyí tó kéré, ẹ gbé e sókè díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Kò nílò EQ. Èyí tó nípọn tàbí tó mú jálẹ̀ orin, EQ tó dúró sójú kan ti tó o. Ibi tí ohùn ti dára ní ẹsẹ kìíní, tó wá bàjẹ́ ní ẹsẹ kejì, ibẹ̀ nìkan ni automation wà fún.

Mo ti rí lára yín tó jẹ́ pé ìlà tó ń lọ sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wò, tí wọ́n rò pé bí ìlà bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe dára tó. Ẹni tó ń gbọ́ orin kò rí ìlà kankan.

2. Ohun tí ẹ bá lè tún ṣe níwájú máíkì, ẹ má gbé e dé ọ̀dọ̀ EQ.

Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ dúró kó dá. Ariwo òjò kún gbogbo ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò sí ibi tí ẹ lè gé tí kò ní mú lára ohùn akọrin lọ. Ti iná yàtọ̀. Iná mànàmáná wa ní Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ ní 50 Hz, nítorí náà hùùn tó ń gba inú wáyà wọlé sábà máa ń jókòó sí 50 Hz, 100 Hz àti 150 Hz. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá àgbà kan ń kọrin fún yín, iná lọ, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, hùùn sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín ẹsẹ kejì. Ìyá ti rẹ̀, kò ní í tún un kọ mọ́. Ẹ gé ojú ibi mẹ́ta yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, láti ibi tí hùùn ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti parí, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ kìíní dúró bó ṣe wà. Bí ẹ bá gé e jálẹ̀ orin, ẹ ti mú ara kúrò nínú ohùn ìyá níbi tí kò ti sí àrùn. Ní ti ariwo ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé.

Ẹ mọ èyí náà pé ọ̀pọ̀ máíkì tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ ni ìsàlẹ̀ ohùn máa ń pọ̀ nínú wọn bí ẹnu bá sún mọ́ wọn. Àgbàlagbà tí inú rẹ̀ ń dùn kì í jókòó sójú kan: yóò tẹ̀ síwájú bó bá fẹ́ sọ ohun tó jinlẹ̀, yóò fẹ̀yìn tì bó bá ń rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ yóò nípọn, yóò tún fúyẹ́. Ẹ má bá a wí, ẹ má sì dè é mọ́ àga. Ibi tó ti tẹ̀ síwájú, ẹ dín agbègbè 200 Hz kù ní bíi 3 dB. Ibi tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ dá a padà. Èyí wà lára iṣẹ́ tí automation mọ̀ ọ́n ṣe jù.

3. Ẹ mọ ibi tí irinṣẹ́ yìí ti wá, kí ẹ lè mọ iyì rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù ló kọ́kọ́ nílò EQ, nítorí pé wáyà gígùn máa ń jẹ lára ohùn, wọ́n sì ń wá bí ohùn tó dé òpin wáyà yóò ṣe jọ èyí tó kúrò lẹ́nu. Ní 1972, George Massenburg, ará Amẹ́ríkà, gbé irú EQ kan jáde fún àwọn oníṣẹ́ ohùn, tó ń jẹ́ kí ènìyàn yan ibi tó fẹ́ nínú ohùn, bí ibẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó, àti iye tí yóò fi dín in kù tàbí kún un. Irú rẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà yín lónìí. Kí ẹ̀rọ tó mọ bí a ṣe ń rántí, ènìyàn méjì mẹ́ta ló máa ń dúró ti míksà, ẹ̀rọ tí a fi ń po ohùn pọ̀, tí kálukú mọ bọ́tìnì tí yóò fà àti ìgbà tí yóò fà á. Bí ẹnì kan bá gbàgbé, wọ́n á tún orin náà bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Nígbà tí Alhaji Haruna Ishola dá sítúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, ẹ̀rọ tó lè gba ohùn 24 sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jẹ́ ohun ńlá. Kọ̀ǹpútà tí ẹ gbé sórí itan yín ju ìyẹn lọ. Ẹ má fi ṣeré.

4. Ẹ tẹ̀ lé àyè tí akọrin àti onílù ti pín láàárín ara wọn.

Ibí ni mo ń bọ̀ látàárọ̀, ẹ fi ara balẹ̀.

Nígbà tí Tunde King ń kọ orin jùjú sínú àwo l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, kò sí ẹni tó lè ya ohùn gìtá kúrò lára ohùn ẹnu lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á tán. Lójú iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti ní láti wọn ohùn: ẹni tí a fẹ́ gbọ́ a sún mọ́ máíkì, ẹni tó ń gbè é a sún sẹ́yìn. Bákan náà ló rí lójú agbo títí dòní. Ẹ lọ wo onílù dùndún lọ́jọ́ ọdún tàbí lọ́jọ́ ìyàwó. Gúdúgúdú àti àwọn ìlù kékeré ń dá tiwọn lọ láì yẹ̀. Ìyáàlù ń bá wọn jó níwọ̀n ìgbà tí akọrin ń lé. Bí akọrin bá mí, ìyáàlù á gba ọ̀rọ̀. Bó bá sọ tiẹ̀ tán, á yọ̀ǹda àyè. Kò sí ẹni tó kọ èyí sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin ni ẹ ń ba ètò yẹn jẹ́, tí ẹ bá fi kíbọ́ọ̀dù tẹ́ gbogbo orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí gìtá bàásì náà kò sì sinmi. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn, ìyẹn nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀. Ènìyàn ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tẹlifóònù àtijọ́ kò gbé ju bíi 300 Hz sí 3,400 Hz lọ, tó túmọ̀ sí pé ìsàlẹ̀ ohùn bàbá yín kò dé ọ̀dọ̀ yín rárá, síbẹ̀ kò sí ìgbà tí ẹ ṣi "ọkọ̀" gbọ́ sí "ọkọ́" lẹ́nu rẹ̀. Etí ń lo àwọn ohùn òkè tó kù láti fi mọ èyí tó sọnù. Ohùn awọ ìlù kì í tò lẹ́sẹẹsẹ bíi ti ọ̀fun ènìyàn, etí kò sì lè tún un kọ́ bẹ́ẹ̀. Bí bàásì àti ọwọ́ òsì kíbọ́ọ̀dù bá jókòó lé ibi tí ìlù ti ń yí ohùn padà, ẹ óò gbọ́ pé ọ̀pá kan awọ, ẹ kò ní í gbọ́ bóyá ó ròkè tàbí ó sọ̀kalẹ̀. Oríkì ti lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ wá ibi tí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀ jù pẹ̀lú etí: ẹ gbé EQ ìlù náà sókè níbi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ máa rọra gbé e lọ síwájú sẹ́yìn títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi yọ ketekete. Èmi sábà máa ń rí i láàárín 100 Hz sí 400 Hz, ṣùgbọ́n ìlù kan kì í jọ ìkejì. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ dá EQ ìlù náà padà sí bó ṣe wà. Orí kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ lọ. Níbi tí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀ nìkan, ẹ dín agbègbè yẹn kù lára kíbọ́ọ̀dù ní 2 dB tàbí 3 dB, kí ẹ sì ṣe díẹ̀ lára bàásì náà. Bí ìlù bá ti dákẹ́, ẹ jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù padà sí ara rẹ̀. Bí àgbà bá fẹ́ súre níbi ìsọmọlórúkọ, a kì í ní kó pariwo. Àwọn tó kù ló ń rẹ ohùn sílẹ̀.

Ẹ wá wo èrè rẹ̀. Bí ẹ bá gé kíbọ́ọ̀dù jálẹ̀ orin nítorí ìlù, orin yóò gbẹ níbi tí ìlù kò ti sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì gbé ìlù sókè jálẹ̀, yóò bo akọrin. Ẹ̀tọ́ kálukú ló wà ní àkókò tirẹ̀.

Ní ti bí ẹ óò ṣe ṣe é: nínú FL Studio, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ bọ́tìnì EQ tí ẹ fẹ́ kó máa yí, kí ẹ yan Create automation clip. Nínú Reaper, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́tìnì náà, ẹ lọ sí Param, kí ẹ yan Show track envelope. Ìlà kan yóò jáde. Ibi tí ẹ bá fi àmì sí lórí rẹ̀ ni EQ yóò máa bá lọ.

5. Ìrìn EQ kò gbọdọ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ṣáájú kí ìlù tó sọ̀rọ̀, kó sì rọra padà lẹ́yìn tó bá parí. EQ tó fò láti òdo sí 6 dB lẹ́ẹ̀kan náà máa ń ta kẹ́kẹ́ létí. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ pa automation náà, ẹ tún tan án, ní ìwọ̀n ariwo kan náà. Bí ẹni tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí bá lè sọ fún yín pé "nǹkan kan yí níbí," ó ti pọ̀ jù. Bó bá sọ pé òun ti wá gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

6. P, GB, S àti Ṣ.

Bí P tàbí GB wa bá ti afẹ́fẹ́ lu máíkì, gbì yẹn máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ gé ìsàlẹ̀ lórí sílébù yẹn nìkan. S máa ń gún etí láàárín bíi 5,000 Hz sí 8,000 Hz. Ṣ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí náà EQ tó rọ S lè máà kan Ṣ rárá. Ẹ gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ má sì gbẹ́ ohùn akọrin títí tí kò ní í sí eyín lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

7. Ẹ̀rọ tó ń dá EQ yí fúnra rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá.

Irú EQ kan wà tó jẹ́ pé bí ohùn bá ti kọjá ìwọ̀n kan ni yóò dín in kù láì jẹ́ pé ẹ sọ fún un. Ó dára fún bàásì tó ń kún jù lórí nóòtì kan. Ṣùgbọ́n agbára ohùn nìkan ló mọ̀. Kò mọ̀ pé ìlù ń pa òwe, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí akọrin rọra sọ yẹn ni gbogbo orin náà dúró lé. Níbi tí ìtumọ̀ wà, ọwọ́ yín ni kó ṣiṣẹ́.

8. Ti ẹ̀ṣọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn kí ohùn wá láti ọ̀nà jíjìn, bíi pé inú rédíò ni, kó wá là gbàgà nígbà tí ègbè bá wọlé. Ó dára. Ẹ gé ohun tó wà lábẹ́ 300 Hz àti ohun tó ju 3,400 Hz lọ, kí ẹ sì rọra ṣí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú orin kan ti tó. Ohun tí n kò fọwọ́ sí ni kí ẹ fi irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ sórí oríkì. Bí ẹ bá ń gba orin Eléwe sílẹ̀, eégún tí gbogbo Ìgbómìnà fi ń yangàn, ìlù ló ń darí ẹsẹ̀ oníjó. Ẹ fi EQ la ọ̀nà fún un, kí ẹ má fi bò ó.

9. Ẹ tọ́jú etí yín.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn lè gbọ́ ohùn 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìséwu; bó bá di 90 dB, wákàtí mẹ́rin péré ló kù lọ́sẹ̀. Hẹ́dífóònù lè kọjá ìyẹn tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ẹ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ohùn tí ẹ fi lè bá ẹni tó wà nínú yàrá sọ̀rọ̀ láì pariwo. Òkè ohùn ló kọ́kọ́ máa ń kúrò létí àgbà. Nítorí náà bí mo bá ń ṣe ibi tó ju 10,000 Hz lọ, ọ̀dọ́ ni mo máa ń pè kó bá mi gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà ẹ pe àgbà wá gbọ́ tiyín, torí pé àwọn wà lára ẹni tí ẹ ń kọrin fún. Ohun tí wọn kò bá gbọ́, ẹ má rò pé etí wọn ló di.

Kí ẹ tó gbé orin jáde, ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù lásán, nínú ọkọ̀, àti lórí àwọn spíkà ńlá tí wọ́n ń lò níbi ayẹyẹ. Fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ìsàlẹ̀ ìlù jáde. Bí ọ̀rọ̀ ìlù bá sọnù níbẹ̀, ẹ padà sí ìmọ̀ràn kẹrin, kí ẹ sì la àyè fún ìlù ní agbègbè 400 Hz sí 800 Hz pẹ̀lú, lákòókò tó ń sọ̀rọ̀.

10. Ẹ bi onílù ohun tó sọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù nìyí. Ẹ pe ọmọ Àyàn wá, ó lu ìlù, ẹ sanwó, ó lọ, ẹ kò sì bi í ní ìbéèrè kan. Báwo ni ẹ óò ṣe mọ ibi tí ẹ óò ti la àyè fún un? Ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín bí ẹ bá ń gbọ́ ọ padà. Kó sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kí ẹ fi sí ìṣẹ́jú tó bọ́ sí nínú orin. Bó bá ní, "Níbí, mò ń dá akọrin lóhùn ni," ẹ ti rí ibi tí automation yóò wọlé. Bó bá ní, "Níbí, mo kàn ń gbé ẹsẹ̀ ijó," ẹ fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ níbẹ̀.

11. Ẹ má pa ohùn ìpilẹ̀ rẹ́.

Gbogbo automation tí ẹ bá ṣe, lórí ohùn ló wà. Kò wọ inú ohùn títí ẹ óò fi yọ orin náà jáde. Ẹ tọ́jú ohùn bó ṣe ti ẹnu akọrin àti ọwọ́ onílù jáde. Ọmọ tí a kò tíì bí lè wá ní irinṣẹ́ tó sàn ju tiyín lọ, kó fẹ́ tún un ṣe. Ẹ tọ́jú orúkọ àwọn tó ṣe é pẹ̀lú. Ní Èsìẹ́ ni Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, wọ́n ṣí i ní 1945 nítorí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ère òkúta tó wà níbẹ̀. Àwọn ère náà wà, a ń rí wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwọn onílù àti akọrin wa tó wà láàyè lónìí, ẹ lè kọ orúkọ wọn.

Nítorí náà, nínú fóldà orin kọ̀ọ̀kan, kí ìwé kékeré kan wà: orúkọ akọrin, orúkọ onílù, ìlù tó lù, ìlú tí ẹ ti gbà á, ọjọ́, oṣù àti ọdún, àti ọ̀rọ̀ ìlù bí onílù ṣe sọ ọ́. Ẹ kó ẹ̀dà kan sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ kó ìkejì sí ilé ẹlòmíràn. Kí ẹ sì fún onílù ní tirẹ̀ kó mú lọ sílé.